Ta Ló Ń Ṣe Ìsìn Nínú Ìjọ?

Bí ẹ bá bi Kristẹni kan pé ṣé ó lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, kíá ló máa dá yín lóhùn. Ẹ wá bi í pé kí ló ṣe níbẹ̀. Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ ni pé pásítọ̀ wàásù dáadáa, pé ẹgbẹ́ akọrin kọrin dé góńgó, pé wòlíì ríran sí àwọn kan. Ohun tí ẹlòmíràn ṣe ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí a bi ní ìbéèrè gan-an kò ṣe nǹkan kan nínú ìròyìn náà ju pé ó jókòó, ó sì wò wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìjọsìn àpapọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ wa lójú. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀sìn Kristẹni, ìjọ ló ń ṣe ìsìn. Àlùfáà ń darí rẹ̀, akọrin ń lé orin, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ni olùṣe, Ọlọ́run ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Bí èèyàn bá di ìyẹn mú, ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó ń yọ wá lẹ́nu nípa ṣọ́ọ̀ṣì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ń tẹ̀lé orin ijó ni wọ́n ń pè ní ìjọsìn. Tí wọ́n bá ní "ẹ jẹ́ ká wọnú ìjọsìn," kíbọ́ọ̀dù á rọlẹ̀, àwọn èèyàn á dijú, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń ṣini lọ́nà ni kí èèyàn rò pé ìgbà tí orin yẹn parí ni ìjọsìn parí, pé ìkéde, owó àti ìwàásù ló kù. Bíbélì kíkà, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, àdúrà fún aláìsàn àti fún ìlú, ọrẹ tí a gbé wá, búrẹ́dì àti wáìnì orí tábìlì Olúwa, títí kan ìṣẹ́jú díẹ̀ tí gbogbo ilé fi dákẹ́, ìjọsìn ni gbogbo wọn. Ẹni tó pẹ́ dé tó wá ń sọ pé "wọn ò tíì wàásù, mi ò pàdánù nǹkan kan" ti pàdánù ìdajì ohun tó wá ṣe.

Ọlọ́run kò ha wà nínú yàrá mi bí?

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè jù nìyí: Ọlọ́run wà níbi gbogbo, mo lè gbàdúrà nílé, kí ló dé tí mo fi gbọ́dọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ìbínú dáhùn rẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ ló ní ká wọ yàrá lọ, ká sé ìlẹ̀kùn, ká gbàdúrà sí Baba tí ń bẹ ní ìkọ̀kọ̀. Òun náà ló sọ fún obìnrin ará Samáríà létí kànga pé ìgbà ń bọ̀ tí kì í ṣe orí òkè tiwọn, tí kì í sì í ṣe Jerúsálẹ́mù, ni wọ́n yóò ti máa sin Baba. Nítorí náà, kì í ṣe ilé ìsìn ló sọ ìjọsìn àpapọ̀ di dandan.

Àwọn Kristẹni ìgbàanì gan-an kò ní ilé ńlá kankan. Ilé ara wọn ni wọ́n ti ń pàdé. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Dura-Europos, ní ilẹ̀ Síríà, tí wọ́n ń lò fún ìsìn ní nǹkan bí ọdún 240. Ilé gbígbé lásán ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó ògiri tó wà láàrin yàrá méjì kí àyè lè gba gbogbo èèyàn, wọ́n sì ṣe ibi ìrìbọmi sí yàrá mìíràn. Ẹ wo ògiri tí wọ́n wó yẹn. Ká ní àdúrà lásán ni wọ́n ń wá, àwọn kan ìbá dúró sí yàrá kan, kí àwọn tó kù dúró sí ìkejì, Ọlọ́run á sì gbọ́ tiwọn. Wọ́n fẹ́ máa rí ojú ara wọn, wọ́n fẹ́ gbọ́ Bíbélì kan náà láti ẹnu òǹkàwé kan náà, kí wọ́n sì jẹ nínú búrẹ́dì kan.

Jésù tó ń dá nìkan lọ sórí òkè láti gbàdúrà, òun kan náà ni Lúùkù sọ pé ó wọ inú sínágọ́gù lọ́jọ́ ìsinmi àwọn Júù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Méjèèjì ló ń ṣe. Àdúrà tó sì kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kà á láti òkè délẹ̀, kò sí ibi tí ẹnìkan ti bèèrè nǹkan fún ara rẹ̀ nìkan nínú rẹ̀. Baba wa ni. Oúnjẹ òòjọ́ wa ni. Gbèsè wa ni, bákan náà ni àwọn tó jẹ wá ní gbèsè. Ẹni tó bá gbà á nínú yàrá rẹ̀ láàárín òru pàápàá, ó ti mú àwọn ẹlòmíràn wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀ kó tó sé ìlẹ̀kùn.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 155

Ẹni kan wà tó kọ ohun tí àwọn ará ìgbàanì ń ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi sílẹ̀. Justin ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Neapolis ní Samáríà tó ń kọ́ni ní Róòmù. Nígbà náà, àwọn èèyàn ń parọ́ mọ́ àwọn Kristẹni pé ohun ẹ̀gbin ni wọ́n ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin kọ̀wé sí olú-ọba Róòmù láti gbèjà wọn, ó sì ṣàlàyé ìsìn wọn láìfi nǹkan pa mọ́.

Ó ní ní ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ Oòrùn, àwọn tó wà nílùú àti àwọn tó wà lóko á péjọ síbì kan. Wọ́n á ka ìwé àwọn àpósítélì tàbí ti àwọn wòlíì níwọ̀n bí àyè bá ṣe gbà. Tí òǹkàwé bá ṣe tán, ẹni tó ń darí á fi ọ̀rọ̀ gba wọ́n níyànjú kí wọ́n máa hu irú ìwà rere tí wọ́n gbọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á dìde pọ̀, wọ́n á gbàdúrà. Wọ́n á gbé búrẹ́dì, wáìnì àti omi wá, olùdarí á dúpẹ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, ìjọ á sì dáhùn pé Àmín. Wọ́n á pín in, olúkúlùkù á jẹ níbẹ̀. Àwọn díákónì á gbé ti àwọn tí kò lè wá lọ bá wọn nílé. Àwọn tó ní lọ́wọ́, tó sì tinú wọn wá, á dá owó. Ọwọ́ olùdarí ni wọ́n á kó o sí, òun á sì fi tọ́jú ọmọ òrukàn, opó, aláìsàn, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n àti àlejò.

Gbogbo ìsìn náà nìyẹn. Ó ti lé ní 1,800 ọdún tó kọ ọ́, síbẹ̀ ọmọ ìjọ Àgùdà ní Ọ̀yọ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Aké, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tàbí Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí èyí tí kò ní rí ìsìn tirẹ̀ níbẹ̀: a péjọ, a gbọ́ Ọ̀rọ̀, a gbàdúrà, a wá sídìí tábìlì, a dá ọrẹ, a tú ká. Ẹ sì wo bí iṣẹ́ náà ṣe pín. Ẹnìkan ń kàwé, ẹlòmíràn ń wàásù, gbogbo wọn ń gbàdúrà, gbogbo wọn ń dáhùn, gbogbo wọn ń jẹ, àwọn kan ń gbé oúnjẹ lọ. Kò sí òǹwòran níbẹ̀.

Ibi tí owó wọn ń lọ náà yẹ kó mú wa ronú. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ní owó iná tó ń san, ó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó ń sanwó oṣù. Ṣùgbọ́n bí ọrẹ ọdún kan bá wọlé tán tí opó kan kò mọ̀ ọ́n lára nínú ìjọ, nǹkan ti yingin nínú ìsìn náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ará Kọ́ríńtì máa ya nǹkan sọ́tọ̀ ní ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, àwọn tálákà tó wà láàrin àwọn onígbàgbọ́ ní Jerúsálẹ́mù ló ń kó o jọ fún.

Iṣẹ́ tí Àmín ń ṣe

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Àmín tí Justin mẹ́nu bà, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọ ti hàn jù. Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ṣáájú. Àwọn ará Kọ́ríńtì ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nínú ìpéjọpọ̀, Pọ́ọ̀lù sì bi wọ́n pé: tí o bá ń dúpẹ́ lọ́nà yẹn, báwo ni ẹni tí kò mọ ohun tí o ń wí yóò ṣe ṣe Àmín sí i? Kò ní àdúrà náà burú. Ohun tó ń dùn ún ni pé a ti já ẹnìkejì sílẹ̀. Àdúrà tí ìjọ kò lè ṣe Àmín sí, àdúrà ẹnìkan ṣoṣo ni, kódà bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá wà níjòókòó.

Nígbà tó yá, Jerome tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn kọ ọ́ pé ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Róòmù, Àmín àwọn èèyàn máa ń dún bí àrá. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Carthage tí wọ́n pa ní ọdún 258 nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, mẹ́nu ba ohun tí àlùfáà máa ń sọ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ gbé ọkàn yín sókè." Ìjọ á dáhùn pé àwọn ti gbé e sókè sí Olúwa. Bí ẹ bá lọ gba Ara Olúwa nínú ìjọ Áńgílíkà tàbí ti Àgùdà lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ máa gbọ́ gbólóhùn yẹn, wọ́n á sì retí kí ẹ dáhùn. Àlùfáà kò ní àṣẹ láti dáhùn rẹ̀ fún yín. Bákan náà ni nígbà tí alàgbà nínú ìjọ Kérúbù bá ké Halleluyah lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì dúró. Ó ń dúró de ìjọ ni.

Láti lè dáhùn, èèyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ìtàn ìjọ nílẹ̀ wa sì fi bí ìyẹn ṣe le tó hàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, ní Freetown ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, Samuel Ajayi Crowther darí ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ jẹ àlùfáà ní London. Gẹ̀ẹ́sì ni ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí wọ́n ti ta, tí wọ́n ti kó sínú ọkọ̀ ojú omi, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ àdúrà inú ṣọ́ọ̀ṣì ní èdè tí ìyá wọn fi kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò parí kíákíá: ọdún 1884 ni odindi Bíbélì tó jáde ní Yorùbá. Àwọn ìjọ Àgùdà tún dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Látìn ni Mísà wọn wà títí di ìgbà tí àpérò ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Vatican fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1963 pé a lè lo èdè ìbílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé kí gbogbo ìjọ lè kópa nínú ìsìn, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ó má jẹ́ pé àlùfáà ń ṣe tirẹ̀ lọ́hùn-ún, kí àwọn èèyàn máa ka rósárì tiwọn níhìn-ín.

Orin

Orin ló pẹ́ jù kó tó bá wa mu. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fi í sílẹ̀ sórí ohùn Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni orin ti ń gòkè, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ní ìwé orin lọ́wọ́ lè gbọ́ orin náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin kó má mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó tún èyí ṣe. Ó kọ orin ẹ̀mí tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, ó sì lọ ká a sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London lọ́dún 1922. T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Lagos láti 1914 títí di 1962, náà lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣẹ́ kan náà.

Nígbà tí àwọn ìjọ Aládùúrà dé, wọ́n gbé ìlù wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó, wọ́n sì dá lílé àti gbígbè padà sínú ìsìn. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí Moses Orimolade àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Lagos lọ́dún 1925 wà lára àwọn tó ṣáájú. Àwọn kan nígbà náà rí i bí àìmọ̀wàáhù nílé Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀, lílé àti gbígbè wà nínú Bíbélì kedere. Ẹsẹ 26 ni Sáàmù 136 ní, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò parí sí "nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé." Bí ẹ bá dá a kà nílé, ó lè sú yín kí ẹ tó dé ẹsẹ kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa lé e, kí igba èèyàn máa gbè é, ẹ máa rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Ẹni tó ń lé e ń sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe, àwọn tó ń gbè é ń sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè gbè é. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríwèé kà mọ́ lè gbè é.

Ìdí nìyí tí kò fi tẹ́ mi lọ́rùn bí a ṣe ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè tó báyìí ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ tiyín, ìjọ kọ́ ló ń kọrin mọ́. Akọrin mẹ́wàá ló ń kọ ọ́, tí ẹgbẹ̀ta èèyàn ń gbọ́. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ akọrin ni kí wọ́n mú ìjọ kọrin. Bí wọ́n bá kọ orin tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọ kò lè bá wọn lọ, kò sí bó ṣe lè dùn tó, wọ́n ti gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú rí. Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tó wá sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ó wọ aṣọ dúdú, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ìwé orin, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú ní ẹsẹ kejì, ẹkún ló fẹ́ yọ. Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní kó má sunkún, kò sì bá a sọ nǹkan kan. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka lé ìlà tí wọ́n ń kọ lórí ìwé obìnrin náà, ó sì gbé ohùn tirẹ̀ sókè. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ ni ìka náà ń rìn láti ìlà dé ìlà, ètè opó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ láìsí ohùn. Wọ́n kọ ọ́ tán bẹ́ẹ̀.

Nílé, orin yẹn ìbá kú sí i lẹ́nu. Nínú ìjọ, àwọn tó kù bá a kọ ọ́ títí di ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ tún lè kọ ọ́. Nígbà tí ẹnìkan bá ní òun kò rí nǹkan gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé lọ́jọ́ náà, ohùn tirẹ̀ ni ẹnìkan ń wá lórí àga kejì.

Àwọn pásítọ̀ fẹ́ràn ẹsẹ kan nínú ìwé Hébérù láti fi bá àwọn tí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì wí: kí a má máa kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kà á parí. Ó ní "ṣùgbọ́n kí a máa gba ara ẹni níyànjú." Ohun tí ìpéjọpọ̀ náà wà fún wà nínú ẹsẹ náà. Ẹni tí kò wá, ìyànjú tó yẹ kó fún ẹlòmíràn ni kò rí fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọ tí èèyàn lè wá fún ọdún kan gbáko kí ẹnikẹ́ni má mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń péjọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣe ohun tí ẹsẹ yẹn wí.

Àga iwájú

Ohun kan wà tó lè ba ìjọsìn àpapọ̀ jẹ́ ju orin burúkú tàbí ìwàásù tó gùn lọ. Ní Kọ́ríńtì, nígbà tí wọ́n bá péjọ láti jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àwọn kan ń jẹ tiwọn ṣáájú, ebi ń pa àwọn kan, àwọn mìíràn sì ti mutí yó. Pọ́ọ̀lù sọ fún wọn lójú pé oúnjẹ Olúwa kọ́ ni wọ́n ń jẹ, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ dójú ti àwọn tí kò ní ni. Jákọ́bù náà sọ tirẹ̀: ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú òrùka wúrà àti aṣọ dáradára, ẹ ní kó wá jókòó síbi tó dára, tálákà wọlé pẹ̀lú aṣọ gbígbó, ẹ ní kó dúró lọ́hùn-ún, tàbí kó jókòó sílẹ̀ nídìí àpótí ìtìsẹ̀ yín.

A mọ ohun tó ń sọ. A mọ àga aláràbarà tó wà níwájú, tí wọ́n fi aṣọ bò, tí wọ́n kọ "àwọn èèyàn pàtàkì" sí. A ti rí ìyá tó tètè dé tí wọ́n ní kó dìde torí pé olówó dé. Ọ̀wọ̀ àgbà kò burú, ó wà nínú àṣà wa, mo sì fara mọ́ ọn kí a fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú arúgbó lọ sí àga. Àmọ́ tí owó bá ti ń yan ibi ìjókòó fúnni nílé Ọlọ́run, ìjọsìn ti di nǹkan mìíràn. Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú aṣọ funfun àwọn ìjọ Aládùúrà nìyẹn: tí gbogbo wọn bá ti wọ sùtánà tán, tí wọ́n ti bọ́ bàtà, ó ṣòro fún àlejò láti mọ ẹni tó gbé mọ́tò wá àti ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá.

Ìsìn orí fóònù ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ti wà kí fóònù tó dé. Lọ́dún 1918, nígbà tí àrùn lùkúlùkú ń pa àwọn èèyàn káàkiri ayé, ìjọba ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì pa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan níbẹ̀ kó ara wọn jọ díẹ̀díẹ̀ láti máa gbàdúrà, inú ẹgbẹ́ kékeré yẹn sì ni ọ̀kan nínú àwọn odò tó wá di ìjọ Aládùúrà ti ṣàn wá. Lọ́dún 2020, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn. Ìsémọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Lagos ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, Àjíǹde sì bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló kọ orin Àjíǹde níwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù lọ́dún náà. Ó gbà wá. Ó ṣì ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn títí di òní: ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́.

Ṣùgbọ́n bí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni nígbà ìsìnkú bàbá ẹni kò ṣe lè dà bí ẹni tó wá jókòó tini, bẹ́ẹ̀ ni wíwò ìsìn kò ṣe lè dà bí wíwà níbẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le tó lè wá. Lórí fóònù, ẹ máa gbọ́ ìwàásù, ó tilẹ̀ lè dára ju ti ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ Àmín yín. Kò sí ìka tó máa rìn lórí ìwé orin yín. Búrẹ́dì kan kò ṣeé bù fún èèyàn láti inú fóònù. Ẹ rántí àwọn díákónì ìgbà Justin: ẹni tí kò lè wá kò wo ìsìn láti ọ̀ọ́kán, ìjọ ló dìde lọ bá a. Ìjọ tó bá ń gbé ìsìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú orúkọ àwọn tó ń wò ó lórí àìsàn, kí ẹnìkan gbé Ara Olúwa lọ sílé wọn, kó jókòó, kó bá wọn kọrin.

Ẹgbẹ́ kan kù tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ mí lógún, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, awakọ̀, ẹ̀ṣọ́ ọdẹ. Àwọn èèyàn wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti alẹ́ Sátidé di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbà pé àwọn ti di ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ojú sì ń tì wọ́n. Kò yẹ kó tì wọ́n. Láyé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ Ìsinmi. Ọdún 321 ni olú-ọba Constantine tó pàṣẹ pé kí àwọn ará ìlú sinmi lọ́jọ́ náà. Ṣáájú ìyẹn, ẹrú ní ọ̀gá, alágbàṣe ní iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà kan lábẹ́ Róòmù ní apá ibi tó jẹ́ Tọ́kì lónìí, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn Kristẹni kan lẹ́nu wò, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ fún un ránṣẹ́ sí olú-ọba: wọ́n máa ń pàdé lọ́jọ́ kan tí wọ́n dá kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì máa kọ orin sí Kristi, tí àwọn kan ń lé, tí àwọn kan ń gbè. Kí oòrùn tó yọ, kí ọ̀gá tó pè wọ́n.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá gba ọjọ́ Ìsinmi, ẹ bèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì yín bóyá ìsìn kùtùkùtù wà, tàbí ti ìrọ̀lẹ́, tàbí ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti ń ka Bíbélì tí wọ́n sì ń gbàdúrà fún ara wọn ní ti gidi. Bí kò bá sí, ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó jọ ń jáde iṣẹ́ alẹ́ lè mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lọ sílé ọ̀kan nínú wọn. Ẹnìkan á ka Sáàmù, ẹnìkejì á lé orin, ẹlòmíràn á gbàdúrà fún àwọn ọmọ wọn tó wà nílé àti fún arúgbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó kù á sì ṣe Àmín. Kí wọ́n sọ fún àlùfáà wọn pé àwọn ti ń ṣe é, kó lè máa wá fún wọn ní Ara Olúwa.